"Grace" lẹ́nu olùsọ̀rọ̀: kí ni kí ògbufọ̀ wí?

Bí wọ́n bá pè yín láti wá ṣe ògbufọ̀ níbi ìdána, níbi ìsìn, tàbí níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, ẹ múra de ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan kí ẹ tó kúrò nílé: "grace". Ọ̀rọ̀ náà ń tan ògbufọ̀ jẹ nítorí pé láti kékeré ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ "oore-ọ̀fẹ́". Bó ṣe ń jáde lẹ́nu olùsọ̀rọ̀ báyìí ni oore-ọ̀fẹ́ ti yọ lẹ́nu ẹni tó ń túmọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó ni onítọ̀hún ń sọ, tàbí oúnjẹ, tàbí bí ìyàwó ṣe ń rìn wọlé.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, Tanke ní Ìlọrin ni mò ń gbé, iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí sì ni mo fi ń jẹun. Mo ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń ṣe é lóde ìdána, mo sì ń ṣe é fún àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ìpàta nígbà tí àwọn tó ń yáni lówó bá wá bá wọn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán ní 2011, àlejò tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa. Àwọn kan ń ti Port Harcourt àti Calabar wá fẹ́ ọmọ wa, àwọn òbí wọn ò sì gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mo kọ èyí fún.

Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn parí ná

Ẹ má kánjú tú u. Ọ̀rọ̀ tó bá "grace" rìn ló máa ń sọ irú èyí tó jẹ́. Bí "say" bá ṣáájú rẹ̀, àdúrà oúnjẹ ni. Bí wọ́n bá ní "let us share the grace", wọ́n fẹ́ parí ìsìn tàbí ìpàdé nìyẹn. Bí "period" bá tẹ̀ lé e, ẹ la etí sílẹ̀, gbèsè ló kàn. "Grace the occasion", àlejò ni wọ́n ń kí. "With grace", ìwà tàbí ìrìn ẹnì kan ni wọ́n ń yìn. "Your Grace", oyè ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún olùsọ̀rọ̀, kó tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pé kó bá mi sọ gbólóhùn kan délẹ̀ kó tó dákẹ́ fún mi. Bó bá wá jẹ́ ẹni tó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, tó sọ pé "We are here today by the grace", tó sì dákẹ́, ẹ má tíì la ẹnu. Ẹ kọjú sí i, kí ẹ dúró. Á parí ẹ̀.

Bí gbólóhùn bá parí tí kò sì tíì yé yín, ẹ bi ara yín: ta ló ń fúnni, ta ló ń gbà, kí sì ni wọ́n fún un? Bí Ọlọ́run bá ni olùfúnni, ọ̀nà oore-ọ̀fẹ́, àánú, ìkẹ́ àti ọlá lẹ ó gbà. Bí èèyàn bí i tiwa bá ni, ojúrere ni, tàbí àǹfààní, tàbí àyè tí wọ́n fún onígbèsè. Bí kò bá sí ẹni tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan, a jẹ́ pé ẹwà, ìwà tàbí ìrìn ni.

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Gratia" ni àwọn ará Róòmù ìgbàanì ń pè é, wọ́n ń fi pe ojúrere, wọ́n ń fi pe ọpẹ́, wọ́n sì tún ń fi pe ohun tó wu ojú. "Gracias" tí àwọn ará Sípéènì ń sọ àti "grazie" tí àwọn ará Ítálì ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́, inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Níbi ọpẹ́ yẹn ni àdúrà oúnjẹ ti gba orúkọ yìí. Bí ẹ bá mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti pín sí mẹ́ta, kò ní yà yín lẹ́nu mọ́ tó bá yí padà lójú yín nínú ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ wo ohun tí bàbá ọkọ kan sọ níbi ìdána kan ní ìlú Oro: "We thank God for His grace, we thank all of you who have graced this occasion, and we thank our daughter who has received us with such grace." Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà! Èyí tí mo sọ nìyí: "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ṣàánú wa. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ yín tẹ ibí láti yẹ́ wa sí. A sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa tó fi ọ̀yàyà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀." Ìdílé ìyàwó pàtẹ́wọ́, inú bàbá náà dùn, nítorí ó rí i lójú wọn pé ọ̀rọ̀ òun dé ibi tó rán an. "Oore-ọ̀fẹ́" ò jáde lẹ́nu mi rárá. Ká ní mo sọ pé ọmọ wa fi oore-ọ̀fẹ́ gbà wá ni, àwọn àgbà tó wà níjòókòó ì bá máa bi ara wọn léèrè bóyá ó yẹ kó gba owó lọ́wọ́ àlejò kó tó kí wọn káàbọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má bẹ̀rù "oore-ọ̀fẹ́", ilé rẹ̀ nìyẹn. Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tó jáde lódindi ní 1884 lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, etí ìjọ sì ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn àgbà yẹn ṣe fi ọgbọ́n pín in. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 6:8, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ní "Noah found grace in the eyes of the LORD". Tiwa ní Nóà rí ojúrere lójú Olúwa. Ojú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ẹnì kan ń wo ẹnì kan, ojúrere ló bá a mu. Nígbà tó wá di Éfésù 2:8, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìgbàlà tí èèyàn kò fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rà, oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n lò, ó sì ṣe rẹ́gí. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn bàbá wọ̀nyẹn gan-an. Bí mo bá ń ka irú ibẹ̀, ó máa ń hàn sí mi pé wọ́n dúró, wọ́n sì bi ara wọn pé kí ni ọ̀rọ̀ náà ń ṣe níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbé Bíbélì Yorùbá dání. Bí oníwàásù bá dárúkọ ẹsẹ, ẹ ṣí i, kí ẹ kà á bó ṣe wà níbẹ̀, ẹ má ṣe tú u ní tuntun lójú ìjọ tó ti mọ̀ ọ́n sórí.

Ibi tó máa ń le ni ibi tí "mercy" àti "grace" bá tò tẹ̀ lé ara wọn. Àánú ni kí wọ́n má fi ìyà tó tọ́ sí ọ jẹ ọ́. Oore-ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n fún ọ ní ohun rere tí kò tọ́ sí ọ. Bí ẹ bá ti lo "àánú" fún "grace" láàárọ̀, tí oníwàásù sì dé ibi tó ti fẹ́ fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn, ọ̀nà ti dí mọ́ yín nìyẹn. Ẹ bi í kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ pé kí ni àkòrí ìwàásù òní. Bí "unmerited favour" bá wà nínú rẹ̀, ojúrere tí a kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni, kò gba àlàyé púpọ̀.

Ti àwọn oníwàásù ayé ìsinsìnyí tún yàtọ̀. "More grace, sir!" tí ọmọ ìjọ ń kí pásítọ̀, ìkíni ni, ẹ má sọ pé "oore-ọ̀fẹ́ sí i". Ẹ sọ pé "Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́". "He carries grace": ọwọ́ Ọlọ́run wà lára rẹ̀. "There is grace for it": Ọlọ́run á fún wa lágbára rẹ̀. Bí oníwàásù bá ní "it is not by power, it is grace", èyí tí àwa náà máa ń sọ nílé ló kàn: kì í ṣe mímọ̀-ọ́n ṣe wa, Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Bí wọ́n bá ní "let us share the grace" ní ìparí, ẹ má tú ohunkóhun. Ẹ kàn sọ pé "Ẹ jẹ́ ká jùmọ̀ ka oore-ọ̀fẹ́", kí ẹ sì gbé ohùn sókè: "Oore-ọ̀fẹ́ Jésù Krístì Olúwa, àti ìfẹ́ Ọlọ́run, àti ìdàpọ̀ Ẹ̀mí Mímọ́..." Ìjọ á gbà á lẹ́nu yín. Ìwé Kọ́ríńtì Kejì, orí kẹtàlá, ni wọ́n ti mú un.

Níbi tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ jókòó

Ní Ìlọrin, Àlàájì àti Díákónì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí wọ́n sì jọ jókòó sórí àga kan níbi ìdána. Bí ẹ bá ń da oore-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ṣáá níbẹ̀, ìdajì àwùjọ á máa rò pé wọ́n ti gbé ìwàásù dé. Ẹ lo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti gbogbo wa. "By the grace of God" ni "lọ́lá Ọlọ́run", tàbí "pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́run". Bí Mùsùlùmí bá pọ̀ jù nínú wọn, ẹ pè é ní Ọlọ́hun bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Kò ní bí Kristẹni Ìlọrin nínú, ó ti gbọ́ ọ látìgbà èwe rẹ̀.

Àáfà tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe wáàsí náà máa ń sọ "the grace of Allah", ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló yẹ kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ rahma, àánú tàbí ìkẹ́ Ọlọ́hun ni. Bó bá jẹ́ baraka, àlùbáríkà ni, kò tún sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó dùn tó o létí wa. Bó bá jẹ́ fadl, oore Ọlọ́hun ni, ó sì lè jẹ́ ohun tí èèyàn máa jẹ gan-an: nínú Súrà 62, ẹsẹ 10, nígbà tí ìrun Jímọ̀ bá ti parí, wọ́n ní kí àwọn èèyàn tú ká, kí wọ́n lọ máa wá nínú fadl Ọlọ́hun. Ọjà ni wọ́n ń padà sí, iṣẹ́ òòjọ́ ni. Bí ẹ bá mọ àáfà kan tó ní sùúrù, ẹ lọ jókòó tì í kó tó di ọjọ́ iṣẹ́, kó ṣàlàyé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún yín.

Nídìí oúnjẹ

"Who will say grace?" Ẹ sọ pé "Ta ni yóò bá wa gbàdúrà sí oúnjẹ?" Níbi tí Mùsùlùmí bá pọ̀ sí, "Ẹ jẹ́ ká ṣe bisimilahi" ti tó, ó tilẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe èèyàn wá jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, alihamudulilahi.

Bí àwọn ọmọ iléèwé bá wà níbẹ̀, wọ́n lè sọ èyí tí wọ́n ń kọ́ wọn ní iléèwé pé àwọn kan ní oúnjẹ wọn ò lè jẹ ẹ́. Mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ báyìí: "Àwọn kan ní, wọn ò lè jẹ, àwọn kan lè jẹ, wọn ò ní, àwa ní, a sì lè jẹ, ọpẹ́ ni fún Ọ, Olúwa." Irú àdúrà yìí náà wà ní Scotland, wọ́n máa ń gbà á ní January 25 tí wọ́n fi ń rántí Robert Burns, akéwì wọn. Ó gún régé ní Yorùbá nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú, ẹ má fi kún un.

Níbi ọ̀rọ̀ owó

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ògbufọ̀ ti lè kó ìyá ẹni ẹlẹ́ni sí gbèsè.

Òṣìṣẹ́ tó ń yáni lówó á ní: "You have a two-week grace period." Bí ẹ bá sọ fún ìyá aláta pé wọ́n fún un ní oore-ọ̀fẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gbọ́ ọ sí pé wọ́n ti fi nǹkan kan ta á lọ́rẹ. Bí ẹ bá sọ pé wọ́n "dárí jì í" fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún burú jùyẹn lọ. Ẹ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀: "Láti ọjọ́ tí owó bá ti wọ ọwọ́ yín, wọ́n fún yín láyè ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ò ní san nǹkan kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí san."

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bá wọn béèrè ní gbangba: "Ṣé èlé ń gun orí owó ní ọ̀sẹ̀ méjì náà?" Òṣìṣẹ́ lè má fẹ́ràn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ó ní láti dáhùn. Ká ní ₦100,000 ni ìyá kan yá, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦3 lórí ₦100 lóṣù. Bí wọ́n bá fún un láyè oṣù kan tí èlé sì ń ṣiṣẹ́, ₦3,000 ti gun orí gbèsè rẹ̀ kó tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Bí èlé ò bá ṣiṣẹ́ lóṣù náà, ₦100,000 ṣì ni. "Grace" kan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì tó owó tí ìyá yẹn fi ń ra ata.

"Grace" mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ẹ̀yìn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni owó pé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá san án kó tó di ọjọ́ Ajé, wọn ò ní bu owó ìtanràn lé e. Èyí kì í ṣe àyè kí sísan tó bẹ̀rẹ̀, àyè lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kí ẹ san ni. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníṣòwò ní ọjọ́ mẹ́ta irú èyí lórí ìwé gbèsè. Òfin 1882 kọ ọ́ sílẹ̀, òfin 1971 sì fòpin sí i. Nítorí náà, ẹ bi òṣìṣẹ́ bóyá ti iwájú ló ń sọ tàbí ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi orúkọ ọjọ́ sọ ọ́: "ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀", kì í ṣe "láìpẹ́". Àwọn ìyá wa ń fi ọjọ́ ọjà ka oṣù, bí ẹ bá dárúkọ ọjọ́, kò ní sọnù lọ́kàn wọn.

Ní àwọn ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù Mùsùlùmí tí kò gba èlé, ìbéèrè ti èlé ò sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú Súrà 2, ẹsẹ 280 wá, tó ní bí onígbèsè bá wà nínú ìnira, kí wọ́n fún un láyè títí ara á fi dẹ̀ ẹ́. Bí alága irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sọ "grace", ẹ lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: "wọ́n á mú sùúrù fún yín títí ara á fi dẹ̀ yín". Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Oyè, ìrìn, àti àwọn yòókù

"Your Grace" ni wọ́n ń pe Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, tó ju bíṣọ́ọ̀bù lásán lọ, wọ́n sì ń fi pe Duke nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má sọ pé "Oore-ọ̀fẹ́ yín". "Bàbá wa, Ẹni Ọ̀wọ̀ jù lọ" ti tó. Àwọn ọba wa ò sí nínú èyí. Bí àlejò bá pe ọba wa ní "Your Grace" nítorí pé kò mọ̀, ẹ sọ "Kábíyèsí", tàbí "Mai Martaba" bó bá jẹ́ Ẹ́míà Ìlọrin, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kò yẹ kí ògbufọ̀ tú àṣìṣe àlejò síta láàfin.

Fún ìrìn àti ìmúra, Yorùbá lọ́rọ̀ débi pé ẹ̀yin lẹ ó yàn. Ìyàwó tó wọlé nínú aṣọ òfì, tí gèlè rẹ̀ jókòó, tí kò sáré, tí kò sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀: ó ń yan fanda ni. Àgbàlagbà tí kò lè yan mọ́, ìrìn ẹ̀yẹ ni tirẹ̀. Ẹni tó du ipò tí kò rí i, tó sì lọ kí ẹni tó wọlé, "he took it with good grace": ó gba kámú, kò janpata. Ẹ máa wo ẹni tí wọ́n ń sọ kí ẹ tó yan ọ̀rọ̀, kí ẹ má lọ sọ pé Àlàájì ń yan fanda.

"Fall from grace" ní ìtumọ̀ méjì. Nínú ìwàásù lórí Gálátíà 5:4, ṣíṣubú kúrò nínú oore-ọ̀fẹ́ ni. Lóde ìṣèlú, ó ti bọ́ lójú ọ̀gá rẹ̀ ni, tàbí ó tẹ́. "Saving grace" ni ohun kan ṣoṣo tó yọ ọ́. "Coup de grâce", tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ àwọn Faransé, ni ìkọlù ìkẹyìn tó pa á pátápátá. "Three Graces" ni abo òrìṣà mẹ́ta ti àwọn Gíríìkì, Aglaia, Euphrosyne àti Thalia, ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá ń jẹ́ Grace náà, Grace lorúkọ rẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ mọ Oreofẹ́ mẹ́wàá.

Bí ẹ bá ń ti Yorùbá bọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì

Ìhà yìí ni àwọn ògbufọ̀ tuntun kì í múra sílẹ̀ fún. Bí bàbá kan bá dìde tó ní "Mo dúpẹ́ fún oore-ọ̀fẹ́ tí ẹ fún mi láti sọ̀rọ̀", àǹfààní ló ń sọ. "Thank you for the opportunity to speak" ni kí àlejò gbọ́. Bó bá gbọ́ "grace", á rò pé bàbá fẹ́ wàásù, á sì máa retí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìyá ìyàwó bá kúnlẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀, tó ní "Ọlá yín la jẹ", kò dárúkọ oore-ọ̀fẹ́ rárá, síbẹ̀ ẹ lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé "It is by your grace". Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ sì dúró títí ìyá á fi dìde kí ẹ tó gba gbólóhùn tó kàn.